Tẹlifíṣọ̀n tí a fi àǹkárá bò: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kíláàsì àkàyé ní Kubwa

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja kan dìde, wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn ti wà ní praimárì 5, pé ó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì já geere bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ní, "Kí lo kà yẹn?", òkè àjà ló máa ń wò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wa tí ìyá mẹ́ta mìíràn fi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn náà rí. Bàbá Alága bá yíjú sí mi: "Ìwọ tó ò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ṣé o ò lè fi fídíò kọ́ wọn ni?" Mo ní mo lè ṣe é. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé àwọn èèyàn wa ní Kàdúná àti Mínà ti ń pè mí pé àwọn náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Ẹ wo ibi tí mo ti ṣubú, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Gbọ̀ngàn ìpàdé wa ni, àga oníke, páànù lórí. Ẹnìkan fún wa ní tẹlifíṣọ̀n 32 inches tí wọn ò lò mọ́. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Bátìrì kan wà pẹ̀lú inverter tí ẹgbẹ́ ra nígbà kan fún ayẹyẹ. Ọmọ 14 ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kubwa níbí ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí: Yorùbá nínú ilé, Háúsá ní àdúgbò. Mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Méjì jẹ́ ọmọ Gbàgyí láti ilé kejì, ìyẹn ni pé àwọn gan-an ló nilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò sí nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ilé ìwé ni wọ́n ti ń bá a pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ sí tí aago bá lù.

Iná

Mo ṣírò kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìṣirò yẹn sì dùn ún wò. Tẹlifíṣọ̀n, wáàtì 50. Láptọ́ọ̀pù, bíi 45. Fi ẹ̀rọ ohùn kékeré kún un, ká pè é ní 110. Wákàtí méjì kíláàsì jẹ́ wáàtì-wákàtí 220. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 nínú, bátìrì alásíìdì ò sì fẹ́ kí èèyàn mu ún ju ìdajì lọ, torí náà 600 ló wà fún wa. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ìṣẹ́jú 40 ni ohun gbogbo lò kó tó ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ pariwo "Ùúù!" bí ìgbà tí NẸ́PÀ bá múná lọ. Bọ̀dá rìwáyà dé lọ́jọ́ Ajé, ó fi mítà wọn bátìrì náà: fóltì 12.7 nígbà tó ń sinmi, tó dára. Ó ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú wa, 12, 11.4, 10.9, títí inverter fi ké. "Àǹtí," ó ní, "ara ló kù, ẹ̀mí ti lọ." Ìṣirò mi ò ṣàṣìṣe, bátìrì ló jẹ́ òkú tí wọ́n wọṣọ fún. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ìsinmi. Ẹ gbé ẹrù lé e kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹgbẹ́ tó rí owó bátìrì tuntun, mo yọ láptọ́ọ̀pù kúrò, mo ń fi fláàṣì sínú tẹlifíṣọ̀n tààrà. Ó gbà wá là nígbà náà, ó sì ti di bí a ṣe ń ṣe é títí dòní. Fláàṣì náà gbọ́dọ̀ wà ní FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú fláàṣì. Èmi ti kọ́kọ́ fi NTFS, ọ̀nà mìíràn, sí i, tẹlifíṣọ̀n náà wò ó bí àlejò tí kò mọ̀ rí.

Fídíò wo?

Mo gbé Kolibri, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó fídíò ẹ̀kọ́ pamọ́, sórí láptọ́ọ̀pù kí bátìrì tó dójú tì mí. Ọ̀fẹ́ ni, Learning Equality ló ṣe é, àwọn kan náà tó ṣe KA Lite tó ń gbé fídíò ẹ̀kọ́ Khan Academy kiri láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa ni èèyàn á ti kó fídíò sínú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò dátà mọ́, fóònù àwọn ọmọ á sì lè wọlé sí i nípasẹ̀ ráútà kékeré. Mi ò ní bú u. Fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, òun ni mo máa mú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá yàtọ̀: fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, Gẹ̀ẹ́sì tí kò sáré, ohun tí ọmọ Kubwa ti rí rí. VLC, ètò tí mo fi ń wo fídíò, jẹ́ kí n dín eré ohùn kù sí 0.80, àmọ́ olùkọ́ Amẹ́ríkà tí a dín eré rẹ̀ kù ń dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Àwọn ọmọ fi ṣẹ̀fẹ̀ títí a fi parí.

Sátidé tó bà jẹ́

Mo rí fídíò kan nípa àgbẹ̀ tí kànga rẹ̀ gbẹ. Àwòrán náà mọ́ kedere, àwọn ọmọ wò ó láìmira. Mo wá kọ àyọkà kan sórí ìwé nípa àgbẹ̀ yẹn náà, gbólóhùn mẹ́jọ, mo sì yí ohun kan padà láìsọ fún wọn. Nínú fídíò, àwọn ewúrẹ́ ń mu omi tó ṣẹ́kù. Nínú ìwé mi, ó ta ewúrẹ́ méjì láti fi sanwó fún ẹni tó máa gbẹ́ kànga náà jinlẹ̀. Ìbéèrè kẹta: kí ni àgbẹ̀ náà fi ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe?

Ọmọ mẹ́tàlá kọ ọ́ pé ó fún wọn lómi. Ìkẹrìnlá ya ewúrẹ́.

Mo jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ìwé wọn lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ka àyọkà náà sókè létí mi, ọ̀rọ̀ "sold" wà níbẹ̀, wọ́n pè é dáadáa. Ojú ló dáhùn ìbéèrè náà fún wọn, ìwé ò sọ nǹkan kan. Fídíò tí mo gbé wá kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kàwé ló gba iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́ ìwé.

Ní 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Gough àti Tunmer, kọ ìṣirò kan tí àwọn olùkọ́ ìwé kíkà ṣì ń lò: àkàyé ni ohun tí ẹ máa rí tí ẹ bá fi agbára láti pe ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé sọ agbára láti lóye èdè náà di púpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní ká rò wọ́n pọ̀. Ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n wí, tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ ọmọ Alhaja ní ti àkọ́kọ́ ní rẹpẹtẹ. Èkejì ni kò sí. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún sí i létí láìjẹ́ kó fojú kàn án rárá, kò ní lóye rẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni fídíò ti wúlò: kó wá ìtumọ̀ wá sílé kí ìwé tó dé. Lẹ́yìn náà, kó jáde.

Bí mo bá ti ń sọ èyí, ẹnìkan á ní ká yé sọ Yorùbá sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ. Mo máa ń rán wọn létí iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní gbogbo iṣẹ́ títí dé praimárì 6, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún rárá. Ní tèmi, ìjà yẹn ti parí tipẹ́.

Máásà

Mo pinnu láti ya fídíò tiwa. Hajiya kan ń ta máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Háúsá, nítòsí wa, àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ ọ̀gá ilé ìwé wọn lọ. Mo lọ bá wọn, Háúsá mi ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n sì gbà pẹ̀lú àdéhùn kan: ọwọ́ ni kí n yà, kì í ṣe ojú. Àdéhùn yẹn ló jẹ́ kí fídíò náà dára. Ọwọ́ àti ìkòkò nìkan ló wà níbẹ̀, ojú ò rí ibòmíràn sá lọ.

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí la bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì ti sùn sínú omi mọ́jú. Mo gbé fóònù lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, mo fi sítùúlù kékeré dí i lẹ́yìn kó má ṣubú. Wọ́n ṣan ìrẹsì, wọ́n po ìrẹsì sísè díẹ̀ mọ́ ọn, ó lọ sí ilé ẹ̀rọ, ó padà dé ní funfun kíki. Yíìsì wọlé, wọ́n fi ọmọrí bò ó, a ń dúró. Ní nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n ṣí i: ó ti wú dé ẹnu ike, ihò kéékèèké ń tú lójú rẹ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ sín. Ṣúgà, omi káún díẹ̀. Tándà, ìkòkò olójúhò tí wọ́n fi ń dín máásà, ti gbóná lórí iná, wọ́n kán òróró sí ojúhò kọ̀ọ̀kan, wọ́n bu èyí tó pò sí i, ó dún ṣáà. Wọ́n fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, wọ́n sì dà á dojú dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdadojúdé yẹn, ìgbà méjìlá ni mo yà á. Nínú méjìlá, mọ́kànlá ni èéfín bò.

Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ 90 lọ. Soak, grind, cover, rise, pour, flip: àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́fà yìí ni gbogbo fídíò náà dúró lé. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe kọ́pà níbí ló kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ohùn ara rẹ̀, kò fi imú sọ ọ́ bí òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán

Ibí yìí ni mo ti ṣòfò jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ (subtitle, ọ̀rọ̀ tó ń hàn lábẹ́ fídíò) kì í ṣe awo. Notepad lásán tó o. Nọ́ńbà, àkókò, ọ̀rọ̀, àlàfo ìlà kan, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e:

1
00:00:04,000 --> 00:00:08,500
Hajiya soaks the rice
in clean water.

Kọ́mà ló wà kí ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àmì ìdánudúró. Àmì ìdánudúró ni mo fi sí i, láptọ́ọ̀pù gbà á, tẹlifíṣọ̀n kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ fáìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu: masa.mp4, masa.srt. Ẹ sì má gé gbólóhùn níbi tí kò yẹ. Mo ti kọ "in the" sókè, "pot" sísàlẹ̀, ọmọbìnrin kan sì béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló ń jẹ́ "inthe".

Ọgbọ́n wá tún gùn mí. Mo ní kí n fi ìlà Yorùbá sí abẹ́ ìlà Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ di àpótí kéékèèké àti àmì ìbéèrè. Mo padà lọ fi fáìlì náà pamọ́ ní UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé pamọ́ tó gba lẹ́tà Yorùbá. Àpótí lọ, ìṣòro kejì dé: àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà. "Ẹ́" wá di "ẹ" tí àmì òkè rẹ̀ ń rìn lọ sápá ọ̀tún bí eṣinṣin. Ìdí rẹ̀ ni pé "é" ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́ ò ní àyè kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ so àmì náà mọ́ ọn lórí, fọ́ńtì tẹlifíṣọ̀n wa ò sì mọ̀ ọ́n so. Mo fi ffmpeg, ètò tó ń tún fídíò ṣe, tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwòrán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ńtì Noto Sans. Ó gùn mọ́ ọn dáadáa. Alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rèé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ń wo ojú àwọn ọmọ dípò kí n máa wo fídíò. Gbogbo ojú wà ní ìlà kejì. Kò sẹ́ni tó wo Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Gbàgyí méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìlà méjèèjì ò sọ nǹkan kan fún wọn, wọ́n ń ta ayò ìka lábẹ́ àga.

Mo yọ ìlà Yorùbá náà. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́. Ní Íńdíà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Brij Kothari ti ń sọ irú ẹ̀ láti 1996: kí ọ̀rọ̀ tó ń hàn jẹ́ èdè kan náà pẹ̀lú ohùn tó ń dún, kí etí àti ojú máa gbọ́ ohun kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ní etí, Gẹ̀ẹ́sì lójú. Ìtumọ̀ á ti ẹnu wa wá, ní Yorùbá, ní Háúsá, àwọn ọmọ Gbàgyí sì sọ tiwọn fún gbogbo wa gbọ́. Fáìlì alámì ohùn yẹn ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún orin tàbí àlọ́, kó wá gbà á.

Àǹkárá

Bí kíláàsì ṣe ń lọ báyìí nìyí. A kọ́kọ́ wo fídíò láìsí ohùn, kálukú ń sọ ohun tó rí ní èdè tó bá wù ú, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, mo ń dá a dúró níbi ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́fà yẹn, a ń fọwọ́ ṣe é: gbogbo ọmọ ló ń da máásà tí kò sí níbẹ̀ dojú dé. Bọ́tìnnì ìdádúró yẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà mìíràn, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta máa ń gba ìṣẹ́jú 25.

Lẹ́yìn náà, mo á fi àǹkárá bo tẹlifíṣọ̀n. Pípa nìkan ò tó. Nígbà tí mo kàn ń pa á, wọ́n ṣì ń wo ibi dúdú yẹn bí ẹni pé ìdáhùn máa yọ níbẹ̀. Tí aṣọ bá ti bò ó, wọ́n á yíjú sí ìwé.

Ìwé náà sì máa ń yàtọ̀ sí fídíò níbi kan tàbí méjì, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Nínú ìwé máásà, Hajiya gbàgbé yíìsì, èyí tó pò ò wú, wọ́n sì ta kúnú lọ́jọ́ náà. Gbọ̀ngàn dákẹ́, gbogbo ẹnu ń mì lábẹ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ Alhaja ń sáré kà á bó ṣe máa ń ṣe, já geere, ó kọjá "did not rise", ó dé ìparí. Ó dúró. Ìka rẹ̀ padà sẹ́yìn, ìlà kan, ìlà méjì, ó dúró lórí "not".

"Àǹtí! Ìwé yìí ń purọ́! Ó wú! A jọ rí i tó wú!"

Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ní, "Kò lè wú, wọn ò fi yíìsì sí i. Wo òkè níbí." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ìwé, ìka wọn lórí ìlà kan náà. Mi ò là wọ́n.

Láìsí fídíò

Lẹ́yìn fídíò márùn-ún, mo mú àyọkà kan wá tí kò ní fídíò kankan, nípa òkè Zuma. Mo kàn fi náírà 100 káàkiri kí wọ́n wo òkè náà lẹ́yìn owó, mo gba owó mi padà, a sì kà á. Kò dára bíi ti máásà. Ìbéèrè tó bá béèrè "why" ṣì ń já wọn sílẹ̀, méjì nínú àwọn ọmọ tó dé láti Ṣakí ṣì ń pe ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà lẹ́tà, fídíò ò sì lè wo ìyẹn sàn fún wọn. Kọ́pà wa ti ń mú àwọn yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, káàdì lẹ́tà lọ́wọ́, kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wo òkè àjà.

Ohun tó ṣẹ́kù

Òjò lórí páànù ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Mo ti gbé ẹ̀rọ ohùn lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó dín kù díẹ̀. Bátìrì tuntun ti dé, Bọ̀dá rìwáyà gbé ẹrù lé e lójú àwọn tó tà á kó tó jẹ́ kí n sanwó. Fídíò kafíńtà ni mo fẹ́ yà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ bíi "measure" àti "sharp".

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ Hajiya kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un fi síbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mirí. Wọ́n ní ìrẹsì yẹn ò mọ́ tó, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣàn án torí èmi tí mo ń kánjú, pé ṣé kí gbogbo ọmọ Kubwa máa rò pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe máásà ni? A máa tún un yà lọ́jọ́ Ẹtì, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Wọ́n ní kí n mú búlọ́ọ̀kù tèmi wá.